Iṣẹ́ Tó Yọrí Ló Ń Bí Iṣẹ́

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ifá lè fọ rere lónìí. Babaláwo kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ kó ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sápò títí láé. Bí ọjọ́ bá tún pé, yóò tún jókòó tì í. Ojú yìí ni mo fẹ́ ká fi wo ọ̀rọ̀ ìtayọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ibi tí èèyàn ń dé ni ìtayọ, pé ẹni tó bá ti débẹ̀ lè nà tàn-ìn kó sinmi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá ṣe dáadáa máa ń bí iṣẹ́ mìíràn tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tí kò bá sì sá fún èyí tó bí yìí ni mo lè pè ní ẹni tó tayọ.

Iṣẹ́ tó fi èyí hàn mí kedere jù ni ti àwọn tó ń tọ́jú òkìtì iyùn ààyè sínú adágún ńlá kí ará ìlú lè máa wò ó. Ní ìlú Townsville, ní ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà, wọ́n ṣí irú ilé ìwòran bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1987. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó Great Barrier Reef, òkìtì iyùn ńlá inú òkun Queensland, ló wà nídìí rẹ̀. Omi inú adágún iyùn náà tó mílíọ̀nù 2.5 lítà, wọ́n sì kọ́ ọ kí oòrùn lè ràn sí i kí òjò sì lè rọ̀ sí i. Nígbà náà, ẹni tó bá dúró níwájú ògiri rẹ̀ tó mọ́ gaara máa ń rí ẹja aláràbarà tó ń gba àárín ẹ̀ka iyùn kọjá, ó sì máa ń rò pé òkun ló ń bá ara rẹ̀ ṣe é. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

Iyùn tí àwọn ọba wa ń so mọ́rùn, inú Òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, egungun ẹ̀dá ẹlẹ́mìí sì ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń mọ òkìtì ń gbé inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nínú ẹran ara wọn ni àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ bí ewé ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn wọ̀nyí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún iyùn, iyùn náà sì ń fún wọn nílé. Ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bí omi bá fi ìwọ̀n kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná jù lọ nígbà ooru, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé àlejò rẹ̀ jáde, ara rẹ̀ á sì funfun báláú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ káàkiri Great Barrier Reef fúnra rẹ̀ nìyẹn ní 1998, ní 2002, ní 2016 àti 2017, àti lẹ́yìn náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ fi iyùn sí ìkáwọ́ ara rẹ̀ ti gbé ẹrù tó wúwo nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Òṣìṣẹ́ á bu omi adágún sínú ìgò kékeré. Á máa kán oògùn sí i lẹ́kán-lẹ́kán, á máa mì ín, á sì máa ka ẹ̀kán náà títí àwọ̀ omi yóò fi yí padà. Iye tó bá kà ni yóò sọ fún un bí èròjà tí iyùn fi ń mọ egungun ṣe ṣẹ́kù sí. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ti àná àti ti ìjẹta. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí iyùn bá ṣe ń sàn sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fa èròjà yìí sí i. Ìwọ̀n tó tó o lọ́dún tó kọjá kò ní tó o mọ́ lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe. Ìtọ́jú tó dára ló sọ ìtọ́jú náà di èyí tí kò tó mọ́.

Bí òṣìṣẹ́ náà bá sì rí i pé èròjà náà ti dín, kò gbọdọ̀ da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìyípadà òjijì lè pa ohun tó fẹ́ gbà là. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ̀ka iyùn pẹ̀lú ń gùn. Àwọn iyùn ẹlẹ́ka kan lè fi sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ga sí i láàárín ọdún kan. Wọ́n á ṣíji bo àwọn tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á dínà omi tó ń ṣàn, ìjà á sì dé, nítorí iyùn mìíràn máa ń na ọwọ́ olóró sí aládùúgbò rẹ̀ lóru. Òmùwẹ̀ tó gbé afẹ́fẹ́ pọ̀n gbọ́dọ̀ wọlé lọ gé ẹ̀ka tó rẹwà, ẹ̀ka tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Èyí tó bá gé kò ní ṣòfò, a lè gbìn ín síbòmíràn kó tún hù. Ṣùgbọ́n ó gba ọkàn líle kí èèyàn tó lè fi ọ̀bẹ kan èso iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń yìn ín.

Koríko omi pẹ̀lú kì í sùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ló ń bọ́ ọ, bó bá sì gba orí àpáta, iyùn kò ní ríbi dúró. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòran Townsville, ọ̀nà tí Walter Adey, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ ni wọ́n gbà. Wọ́n tẹ́ àwo fún koríko náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fún un nímọ́lẹ̀ àti omi tó ń dà gìrìgìrì, ó hù síbẹ̀, wọ́n sì ń kórè rẹ̀. Ohun tí ì bá ba adágún jẹ́ ló wá ń wẹ omi mọ́. Kìkì pé ẹni tó ń kórè kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ ìkórè yẹ̀.

Ògiri tó mọ́ gaara náà, ọwọ́ èèyàn ló ń nù ún. Bí ẹyọ yanrìn kan bá há sábẹ́ ohun ìnu-ògiri òmùwẹ̀, yóò fa ìlà sára ògiri náà, gbogbo ẹni tó bá wá wòran ni yóò sì rí i. Nítorí náà òmùwẹ̀ á máa yẹ ohun ìnu-ògiri rẹ̀ wò kó tó tún gbé e kan ògiri. Bó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ó wá síbẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman ní Lọ́ńdọ̀nù, Jamie Craggs àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn ní 2012: kí iyùn lè máa tú ẹyin nínú adágún. Nínú òkun, òru mélòó kan péré lọ́dún ni ọ̀pọ̀ iyùn ń tú ẹyin, lẹ́yìn tí òṣùpá bá ti là dé ojú rẹ̀. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣètò gígùn ọ̀sán, ìlọ́wọ́ọ́rọ́ omi, yíyọ àti wíwọ̀ òṣùpá, bó ṣe rí lókun. Ní 2013, iyùn inú adágún náà tú ẹyin lásìkò tí wọ́n ń retí. Ẹlòmíràn ì bá ní ó parí. Fún wọn, ọmọ wẹ́wẹ́ ló délẹ̀ yẹn, ọmọ tí koríko omi lè bò mọ́lẹ̀. Wọ́n tún ní láti wá ọ̀nà, títí wọ́n fi rí i pé ẹ̀dá òkun kan tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀ lè máa jẹ koríko náà kúrò lára àwọn ọmọ iyùn.

Mo ń ro gbogbo èyí mọ́ wa lára. A mọ ayẹyẹ ìṣílé dáadáa. A mọ bí wọ́n ṣe ń gé rìbọ́ọ̀nù níwájú ilé ìwòsàn tuntun àti ẹ̀rọ omi tuntun, a sì máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣí i sára ògiri. Ta ni yóò máa yẹ ẹ̀rọ náà wò ní òwúrọ̀ kùtùkùtù? Èló la yà sọ́tọ̀ fún un? Bí ilé ìwé kan bá sì ṣe dáadáa tí akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ síbẹ̀, ṣé a ń fi olùkọ́ kún olùkọ́, àbí a kàn ń fi àga kún àga? Àtàrí àjànàkú kì í ṣẹrù ọmọdé, kò sì yẹ kó jẹ́ ẹrù ẹnì kan ṣoṣo.

Bí iṣẹ́ rẹ bá yọrí, gba ìyìn rẹ, ó tọ́ sí ọ. Lẹ́yìn náà, wá ohun tí àṣeyọrí yẹn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ́dún tó ń bọ̀, kó tó béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ́ aláṣẹ láàárín wa, kó fi owó àti ọ̀wọ̀ síwájú ẹni tó ń tọ́jú, bó ṣe ń fi síwájú ẹni tó ń dá sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú ni ohun rere tí a ní wà.