Ohun Tí A Ń Dà Sínú Gọ́tà Lẹ́yìn Iléyá

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé wa nígbà Iléyá. Ibi tí a so àgbò mọ́ a kún fún imí àti koríko tó jẹ kù. Bí a bá ti pa ẹran tán, a ó gbá gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí a tú dà nínú ṣàkì, sínú gọ́tà. Nígbà tí àkókò oko bá dé, àwa kan náà ni a ó máa ké pé ajílẹ̀ òyìnbó ti wọ́n jù.

Bí a bá bi àwọn kan léèrè, wọ́n á ní, "Nájíísì ni, ẹ̀sìn ló ní ká sá fún un." Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní mọ̀dáhábì Mālikī, tí ọ̀pọ̀ ààfáà ilẹ̀ wa kà, imí ẹran tí a lè jẹ ẹran rẹ̀ kì í ṣe nájíísì. Anas ọmọ Mālik (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ fún wa pé kí wọ́n tó kọ́ mọ́sálásí Mẹ̀dínà, Ànábì (SAW) a máa kírun nínú ọgbà àgùntàn. Mọ̀dáhábì Shāfiʿī kà á sí nájíísì, síbẹ̀ wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún àgbẹ̀ láti fi bọ́ ilẹ̀. Ta ló wá kù tó ní ká dà á sí gọ́tà?

Ẹ rántí àgùntàn tí wọ́n fi ṣe sàárà fún ẹrúbìnrin tí Maymūna, ìyàwó Ànábì, ti dá sílẹ̀. Àgùntàn náà kú, wọ́n sì pa á tì. Ànábì kọjá níbẹ̀, ó sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò bó awọ rẹ̀, kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì lò ó. Wọ́n ní òkú ni; ó ní jíjẹ rẹ̀ nìkan ni a kọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ni pé awọ tútù kọ́ ni ó ní kí wọ́n lò. Ó ní kí wọ́n ṣe é ná.

Bẹ́ẹ̀ náà ni imí ẹran. Imí adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò irúgbìn. Kòkòrò àrùn àti ẹyin aràn lè wà nínú imí tútù èyíkéyìí. Àgbẹ̀ tó da imí tútù sí ẹ̀fọ́ lónìí, tó já a lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ń fi àìsàn ta ọmọ ẹlòmíràn lọ́rẹ. Oníbàárà kò lè fi ojú rí i, òun ló sì mú kó jẹ́ àmáánà lọ́rùn ẹni tó ń tà.

Ṣíṣe é kò le. Ẹ da imí náà pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ tàbí koríko, kí koríko pọ̀ ju imí lọ. Ẹ wọ́n omi sí i kó rin bí aṣọ tí a fún, kí ẹ sì kó o jọ ní òkìtì tó ga dé ìgbáròkó. Ooru á mú inú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin oko tí kì í lo kẹ́míkà ní kí òkìtì bẹ́ẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó kéré tán, fún ọjọ́ 15, kí wọ́n sì yí i padà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìgbà náà. Ẹni tó bá fi imí tútù sí ilẹ̀, tí irúgbìn rẹ̀ sì ń kan ilẹ̀, 120 ọjọ́ ni òfin náà ní kó dúró kó tó kórè. Lẹ́yìn ooru, ẹ fi òkìtì náà sílẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Bó bá ti tutù, tó dúdú, tó ń rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò, ó ti jinná.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín Mùsùlùmí. Ní ọ̀rúndún 12, Ibn al-Awwam ará Seville, ní ilẹ̀ Andalus, kọ Kitāb al-Filāha. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀ lórí ajílẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé kí imí gbó kó tó wọ oko. Ó dùn wá pé àwa tí a ń ka Lárúbáwá kì í sábà ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

A kò ní tàn yín o. Àpò yúríà kílò 50 ní nítírójìn kílò 23 nínú. Ajílẹ̀ ẹran tó jinná, nínú kílò 100, nítírójìn rẹ̀ kì í sábà ju kílò 1 sí 3 lọ, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tú u sílẹ̀. Ẹni tó ní oko ńlá yóò ru ẹrù púpọ̀, ó sì lè da méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n yúríà kì í mú ilẹ̀ rọ̀ kó lè di omi mú, ajílẹ̀ ẹran ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gáàsì ni wọ́n sì fi ń ṣe yúríà. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022, gáàsì wọ́n, ajílẹ̀ òyìnbó náà sì wọ́n káàkiri ayé. Àgbò ẹ̀yìnkùlé wa kò mọ̀ pé ogun wà.

Ànábì (SAW) fi yé wa pé ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ nínú ọ̀gbìn Mùsùlùmí, sàárà ni fún un. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan wá igun kan ṣáájú Iléyá, kó jìnnà sí kànga àti ibi àlùwàlá. Kí àwọn arákùnrin gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù káàkiri ilé ní ọjọ́ kejì ọdún, kí àwọn arábìnrin tó ní ọgbà ẹ̀fọ́ sì kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìpín tiwọn. Ẹ fi ọ̀rá bo òkìtì náà, kí òjò má baà fọ agbára rẹ̀ lọ.