Ọmú ọmọ òkété

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí wàrà nínú ọmú ọmọ ńkọ́?

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Kétu tó ń ta gàrí. Ìyá rẹ̀ ń ṣarán. Ìyá a jẹun tán, a ní wọn kò fún òun lóúnjẹ láti àárọ̀. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀. Lóru, a ṣílẹ̀kùn, a forí lé ọ̀nà oko. Ọmọ kò lè lọ sọ́jà mọ́, kò sì wá kọ́ ìwé alẹ́ pẹ̀lú wa mọ́. Ta ni yóò ṣọ́ ìyá? Owó gàrí ti tán. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Kútọnu. Ìkíni ni wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Àwọn kan ti ń sọ pé àjẹ́ ni ìyá náà. Èyí ló dùn mí jù. Àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe àjẹ́. Kì í sì í ṣe ọjọ́ orí lásán, nítorí ọ̀pọ̀ arúgbó ló wà tí iyè wọn pé títí wọ́n fi kú.

Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ló wà. Àwọn oníṣègùn wádìí rẹ̀ ní Djidja, ní ilẹ̀ Benin níbí. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65, méjì tàbí mẹ́ta ló ní in. Ní gbogbo ayé, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 55. A kò tíì rí oògùn tó ń wò ó sàn. Ìtọ́jú ló kù, ìtọ́jú sì ń jẹ owó, ó ń jẹ oorun.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí ni ti ìjọba níbẹ̀?" Mo gbà pé ọmọ ló ni ìyá. Ṣùgbọ́n ìyá yìí san owó ọjà fún ọdún 40. Bí ọmọdé bá ń ṣàìsàn, a kì í ní kí bàbá rẹ̀ lọ kọ́ ilé ìwòsàn. Kí ló dé tí ti arúgbó fi yàtọ̀?

Ní ọdún 2017, àpéjọ Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan lórí àrùn yìí. Benin àti Togo wà nínú àjọ náà. Wọ́n ní kí ọdún 2025 tó parí, nínú orílẹ̀-èdè mẹ́rin, mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti ní ètò tirẹ̀. Ọdún náà pé, ayé kò dé ibẹ̀.

A kò béèrè ààfin. Nọ́ọ̀sì tó mọ àrùn náà ni a fẹ́ ní ilé ìwòsàn wa, àti owó díẹ̀ lóṣooṣù fún ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, àti ibì kan tí wọn yóò ti máa bá a ṣọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Bí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi wọ́n nípa rẹ̀. Ẹ má sì dúró de ìgbà ìbò: ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olórí kòmínì yín, kí ẹ fi orúkọ yín sí i.