Ta Ni Ìtàn Adẹ́rùbani Fẹ́ Kí A Bẹ̀rù?



Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí a máa bi ara wọn nígbà tí wọ́n bá rí ọmọ wọn tí ó jókòó ti ìwé ìtàn adẹ́rùbani: èrè wo ni ń bẹ nínú kí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rù? Ohun tí ń dẹ́rù bani kò ha pọ̀ tó ní ayé bí? Ìbéèrè àgbà ni èyí. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ibi tí ìwé kan bá darí ẹ̀rù wa sí ni a ó fi mọ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1938 tí D. O. Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni a ti ń bá ọdẹ rẹ̀ lọ pàdé àwọn ẹ̀dá abàmì. Ṣùgbọ́n inú igbó ni ẹ̀rù tiwa fi ṣe ibùgbé jù. Ìtàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gothic yàtọ̀ sí èyí. Inú ilé ni ẹ̀rù tiwọn wà: ilé àtijọ́, yàrá tí a tì pa, àwòrán baba ńlá lára ògiri.

Horace Walpole, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé The Castle of Otranto, tí ó jáde ní 1764. Nínú ìtàn náà, àṣíborí ńlá kan já lulẹ̀, ó sì pa ọmọkùnrin Manfred, olórí Otranto, ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kí ni ó fà á? Baba baba Manfred ni ó fi májèlé pa ẹni tí ó ni ìlú náà, tí ó sì gba ohun-ìní rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń pè ní tiwọn, ilé onílé ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ìparí, ògiri ilé náà wó, ìní sì padà sí ọwọ́ ẹni tí ó tọ́ sí.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé kan fi yí ojú ẹ̀rù náà kúrò lára ẹni tí ó gba ilé onílé, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ara àjèjì. Nínú The Monk tí Matthew Lewis kọ ní 1796, àti The Italian tí Ann Radcliffe kọ ní 1797, àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Sípéènì àti ti Ítálì ni ọ̀dájú ẹ̀dá. N kò sọ pé kò sí ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí ó hùwà ibi rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní àkókò náà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba àwọn ọmọ Ìjọ Kátólíìkì láyè láti jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọdún 1829 ni òfin yìí tó yí padà. Ẹni tí òfin ti lé sẹ́yìn ni ìtàn tún kọ́ àwọn ènìyàn láti máa bẹ̀rù.

Báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ ìwé tí ń tọ́ni sọ́nà yàtọ̀ sí èyí tí ń ṣini lọ́nà? Níhìn-ín ni ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní tíọ́rì lítíréṣọ̀ ti wúlò. Kí orúkọ náà má ṣe dí yín lọ́wọ́: ìbéèrè ni a fi ń yẹ ìwé wò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé àtùpà wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn. Mẹ́ta péré ni n ó mú nínú wọn.

Ìkíní ni ti Sigmund Freud, dókítà ilẹ̀ Austria. Ní 1919 ó kọ̀wé pé ohun tí ń dá jìnnìjìnnì boni kì í ṣe àjèjì rárá. Ohun tí a ti mọ̀ nínú ilé rí ni, tí a bò mọ́lẹ̀, tí ó sì tún yọjú. Àwọn baba wa kúkú ti wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: kí ni wọ́n bò mọ́lẹ̀ nínú ilé yìí?

Ìkejì ni ti Tzvetan Todorov, ọmọ Bulgaria tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1970 ó fi yé wa pé agbára irú ìtàn kan wà nínú iyèméjì: ṣé ẹ̀mí ni, tàbí ọkàn ènìyàn ni ó ń dà á láàmú? Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: èéṣe tí òǹkọ̀wé kò fẹ́ kí n tètè dájọ́?

Ìkẹta ni ti Jeffrey Jerome Cohen, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1996 ó wí pé ìbẹ̀rù àwùjọ kan ní ìgbà tirẹ̀ ni ó ń mọ ẹ̀dá abàmì inú ìtàn rẹ̀. Nítorí náà: ta ni ìtàn yìí fẹ́ kí n bẹ̀rù?

Ẹ jẹ́ kí a gbé àtùpà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú ìwé méjì ti Helen Oyeyemi, ẹni tí a bí ní Nàìjíríà ní 1984 tí ó sì dàgbà ní London. Nínú The Icarus Girl, tí ó jáde ní 2005, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan, Jessamy, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí ilé bàbá ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ó ti bá ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TillyTilly pàdé. Ṣé ẹ̀mí ni ọmọ yìí, tàbí ìbànújẹ́ Jessamy ni ó gbé ara ènìyàn wọ̀? Ìwé náà kò jẹ́ kí a tètè pinnu. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ìbejì ni Jessamy, pé èkejì rẹ̀ kú nígbà ìbí, àti pé àwọn òbí rẹ̀ kò sọ fún un. Ìfẹ́ ni wọ́n fi dákẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ni ó ru ẹrù ìdákẹ́jẹ́ náà.

Nínú ìwé kejì, White Is for Witching, ti 2009, ilé kan wà ní Dover, ìlú etíkun tí àjèjì ń gbà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé náà ń sọ̀rọ̀, ó sì kórìíra àjèjì. Obìnrin kan tí ogun pa ọkọ rẹ̀ ni ó ti fi ìkórìíra yìí sílẹ̀ níbẹ̀. Sade, obìnrin Yorùbá tí ń tọ́jú ilé, wà lára àwọn tí ilé náà kò fẹ́. Ẹ wò ó bí nǹkan ti yí padà: láyé Lewis, àjèjì ni abàmì, níhìn-ín, ilé tí ó kórìíra àjèjì ni abàmì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé àtùpà náà wọ ilé tiwa. Nígbà tí ọmọ bá ń kú léraléra, àwọn kan a máa pe èyí tí a bí tẹ̀lé e ní àbíkú, wọn a sì fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ kí ó má bàa padà wá. Lónìí a mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ọmọ ń jogún láti ara bàbá àti ìyá, wà lára ohun tí ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ilé ni ohun náà wà. Ara ọmọ ni a ti ń wá a. N kò bú àwọn òbí wọ̀nyẹn, nítorí ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ̀ wọ́n tóbi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá kú lónìí, tí a sì ń wo arúgbó opó tí kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ bí àjẹ́, ẹ̀rù kan náà ni ó ń wá ẹni tí kò lágbára láti bà lé.

Ẹnìkan lè wí pé ó sàn kí a kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ dànù. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí kò ní ju ẹ̀jẹ̀ àti igbe lọ. Ẹni tí ó bá sọ ìrora ẹlòmíràn di eré yóò rí i pé ọkàn rẹ̀ ń yigbì. Irú wọn kò yẹ ní ilé wa. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó mú ẹ̀rù padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀bi, iṣẹ́ òdodo ni ó ń ṣe.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ka irú ìwé yìí tán, ẹ má ṣe bi í bí ẹ̀rù ti bà á tó. Ẹ bi í pé: kí ni wọ́n fi pamọ́ nínú ilé náà? Ta ni wọ́n ṣẹ̀? Ta ni wọ́n fẹ́ kí o bẹ̀rù, ǹjẹ́ ó sì tọ́ sí i? Ọmọ tí ó bá mọ irú ìbéèrè wọ̀nyí í bi kì yóò yára sọ òkúta ní ọjọ́ tí àwọn ará àdúgbò bá nawọ́ sí arúgbó kan.