Kí Ni Ojúlówó Lára Ìjàpá?

Mọ́tò Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, bó bá ti darúgbó, kí ló kù lára rẹ̀ tí a lè pè ní ojúlówó? Èkó ni wọ́n ti to tèmi pọ̀, níbi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Nọ́ńbà abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn bá ìwé mu. Ti ẹ́ńjìnì, lábẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ jókòó lé, kò bá a mu: wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Mẹkáníìkì mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n pa á rẹ́, kí n fi òòlù lu ti inú ìwé sí i. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní n ò ṣe. Pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mọ́tò tó ń rìn ni, kì í ṣe ère. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí a fi òòlù lù, irọ́ ni, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi ni yóò sì sanwó irọ́ náà.

"Owó ẹ̀ máa wálẹ̀ o!"

Kó wálẹ̀.