ÀMÌ TÍ A FÒ
Ọ̀rọ̀ ìyànjú lórí ìgbà eré ọdún 1998 ní Amẹ́ríkà



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ní oṣù yìí jẹ́ ti ayọ̀ kan tí ó dàrú mọ́ àwọn tí wọ́n yọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀ mọ ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ti yọ̀ tọkàntọkàn, kí ó ti jí ọmọ rẹ̀ lójú oorun kí ó lè wá bá a yọ̀, kí ó sì wá mọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé àbùkù wà nínú ohun tí òun ń yọ̀ sí, ìrora mìíràn ni èyí. Kò mọ̀ bí òun yóò bá pa ìrántí náà mọ́ tàbí bí òun yóò sọ ọ́ nù. Nínú irú ìrora yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ olólùfẹ́ eré bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà wà, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bojú wẹ̀yìn wo ọdún 1998.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ẹni tí kò wo eré náà rí, ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti rí. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan, ẹnì kejì a sì fi kóńdó igi gbá a. Àmì mẹ́rin ni ó wà lórí pápá. Ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sáré yí wọn ká, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí yóò fi padà dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù náà kọjá odi pápá, kò sí ẹni tí ó tún lè lé e. Ó lè máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ó ti wù ú. Síbẹ̀ òfin kò yọ̀ǹda fún un láti fo àmì kan ṣoṣo. Bí ó bá fo ọ̀kan, tí àwọn alátakò rẹ̀ sì ké sí adájọ́ eré, a ó pa àyò náà rẹ́. Ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Ní ọdún 1927, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Babe Ruth gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi ní ìgbà 60 láàrin ìgbà eré kan. Ọdún 34 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó borí rẹ̀. Ní ọdún 1961, Roger Maris gbá tirẹ̀ ní ìgbà 61. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Ruth ni àyànfẹ́ wọn. Ìdààmú bá Maris tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí rẹ̀ fi ń re. Olórí àjọ eré nígbà náà, Ford Frick, tilẹ̀ ti wí pé bí ẹnì kan kò bá borí Ruth láàrin ìdíje 154, gẹ́gẹ́ bí iye tí ó wà ní ayé Ruth, a ó ya àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀. Nítorí ìdíje 162 ni ó wà ní ọdún Maris. Báyìí ni ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìlábòsí fi jẹ ìyà ẹni tí a fura sí. Maris kú ní ọdún 1985, ní ẹni ọdún 51, ohun tí ó ṣe sì dúró fún ọdún 37.

Ní ọdún 1994, ìjà owó bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ àti àwọn eléré. Àwọn eléré dáṣẹ́ sílẹ̀, a sì pa ìdíje ńlá ìparí ọdún tì pátápátá. Inú bí àwọn òǹwòran. Ọ̀pọ̀ wọn yí ẹ̀yìn padà sí eré náà. Nítorí náà, nígbà tí ọdún 1998 dé, tí Mark McGwire ti ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals àti Sammy Sosa ti ẹgbẹ́ Chicago Cubs jọ ń lé iye Maris, ó dàbí òjò lẹ́yìn ọ̀dá. Sosa jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Dominican, tí ó ti ń nu bàtà fún ènìyàn nígbà èwe rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń díje láìsí ìkùnsínú. Bí ọ̀kan ti ń gbá ni èkejì ń yìn ín. Àwọn tí ó ti bínú lọ padà wá sí pápá, wọ́n sì mú àwọn ọmọ wọn dání.

Ní ọjọ́ 8 oṣù September ọdún náà, ní ìlú St. Louis, McGwire gbá ẹlẹ́ẹ̀kejìlélọ́gọ́ta. Bọ́ọ̀lù náà kò ga. Agbára káká ni ó fi kọjá odi apá òsì. Ayọ̀ sì gba ọkàn ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sáré kọjá àmì kìíní láìtẹ̀ ẹ́. Ó ní láti padà sẹ́yìn, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ó tó máa bá eré rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó dé ilé, ó gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sókè. Sosa sáré wá láti ibi ìdúró tirẹ̀ láti dì mọ́ ọn. McGwire sì lọ bá àwọn ọmọ Maris níbi tí wọ́n jókòó sí, ó dì mọ́ wọn pẹ̀lú. Kí ìgbà eré náà tó parí, McGwire ti gbá 70, Sosa sì ti gbá 66. Kò sí ẹni tí ó wò ó ní ọjọ́ náà tí ó gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù August ọdún kan náà, akọ̀ròyìn kan, Steve Wilstein, rí ìgò kan níbi ìkẹ́rùsí McGwire. Orúkọ oògùn tí ó wà lára rẹ̀ ni androstenedione, oògùn tí ara ń sọ di èròjà agbára ọkùnrin. Àwọn alábòójútó eré Olympic ti kà á léèwọ̀. Àwọn ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti kà á léèwọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn ti bésíbọ́ọ̀lù kò tí ì ṣe bẹ́ẹ̀. McGwire kò sẹ́ pé òun ń lò ó. Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú, wọ́n kò sì bínú sí ẹni tí ó ni ìgò, bí kò ṣe sí ẹni tí ó rí i. Àwọn bàbá wa wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ní ọdún 1998, a rí i bí a ti ń ná an.

Lẹ́yìn èyí ni ìtúká bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2001, Barry Bonds gbá 73, ohun tí a sì rò pé yóò pẹ́ tó ti Maris kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Láìpẹ́, ìfura bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1991 ni olórí àjọ eré ti kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ pé oògùn stẹ́rọ́ìdì jẹ́ èèwọ̀, ṣùgbọ́n a kò bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ara àwọn eléré wò títí di ọdún 2003. Òfin wà, olùṣọ́ kò sí. Ní ọjọ́ 17 oṣù March ọdún 2005, a pe McGwire àti Sosa pẹ̀lú àwọn mìíràn wá síwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin. McGwire wí pé òun kò wá láti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ti kọjá. Ní ọjọ́ kan náà, nínú gbọ̀ngàn kan náà, àwọn òbí tí ọmọkùnrin wọn ti lo oògùn wọ̀nyí, tí àwọn ọmọ náà sì ti fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn, dìde láti jẹ́rìí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ eré ti di ọ̀rọ̀ ibojì.

Ní ọjọ́ 11 oṣù January ọdún 2010, McGwire jẹ́wọ́ pé òun lo stẹ́rọ́ìdì, àti ní ọdún 1998 pẹ̀lú. Ó pe opó Maris lórí tẹlifóònù láti tọrọ ìdáríjì. Èyí dára púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún wí pé nítorí ìwòsàn ọgbẹ́ ara òun ni òun fi lò ó, àti pé òun ìbá gbá gbogbo bọ́ọ̀lù náà bí òun kò tilẹ̀ lò ó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré ti mi orí. Oògùn tí ń mú kí iṣan tètè bọ̀ sípò lẹ́yìn iṣẹ́, tí ń jẹ́ kí ènìyàn lè dìde lọ́la ṣe ohun tí ó rẹ̀ ẹ́ lónìí, a ha lè wí pé kò ran ọwọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ bí? Ó padà lọ tẹ àmì kan, ó sì tún fo òmíràn. Ní ti Sosa, ní oṣù December ọdún 2024 ni ó tó kọ̀wé pé òun ṣe àṣìṣe, tí ó sì tọrọ àforíjì, láìdárúkọ oògùn kankan. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tún ilẹ̀kùn ṣí fún un, lẹ́yìn nǹkan bí 20 ọdún. Títí àwọn akọ̀ròyìn fi parí ìdìbò wọn lórí McGwire ní ọdún 2016, àti lórí Sosa ní ọdún 2022, kò sí èyí tí ó rí ìdá 75 nínú 100 tí a fi ń wọ ilé ọlá àwọn eléré ní Cooperstown.

Ẹ̀yin ará, kí ni kí àwọn tí wọ́n yọ̀ ní ọjọ́ náà wá ṣe? Àwọn kan wí pé: ẹ jẹ́ kí a pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé. Àwọn mìíràn wí pé: gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe é, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé ìmọ̀ràn méjèèjì jẹ́ ọ̀nà láti máa sáré lọ láìpadà. Ohun tí ó yẹ olólùfẹ́ eré kò yàtọ̀ sí ohun tí McGwire ṣe ní ìṣẹ́jú náà tí ayọ̀ mú un gbàgbé: kí ó padà, kí ó tẹ àmì tí òun fò. Àmì náà sì jẹ́ mẹ́ta.

Èkíní ni ìgò náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ nípa rẹ̀ ní oṣù August, kí wọ́n tó hó yèè ní oṣù September. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ gba owó, ìwé ìròyìn tà, àwọn òǹwòran sì gba ayọ̀. Gbogbo wọn ni ọwọ́ wọ́n kan epo. Ẹni tí yóò bá bínú sí McGwire ní òdodo, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ rí.

Èkejì ni àwọn tí a jà lólè. Ó rọrùn láti ronú kan Maris, nítorí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Nígbà tí Aaron Judge gbá 62 ní ọdún 2022, ọmọ Maris wí gbangba pé òun ni ó ni àkọsílẹ̀ tòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ìwé kankan kò mọ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ oògùn, tí agbára rẹ̀ kò tó, tí a rán padà sí ilé bàbá rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì jókòó ní ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó hó fún un. Ìwà òtítọ́ rẹ̀ ni ó ná an ní oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí ìrántí wa kò bá ní àyè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìrántí náà kò pé.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí a jí lójú oorun. Ó ti dàgbà nísinsìnyí, ó sì lè ti bí ọmọ tirẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ má ṣe wí fún un pé ayọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ irọ́, nítorí ìfẹ́ tí ó mú wọn jókòó pọ̀ kì í ṣe irọ́. Kí ó má sì ṣe wí pé kò sí nǹkan. Kí ó wí pé: ‘Ọmọ mi, inú wa dùn nítòótọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí a rí kò sì mọ́. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì.’ Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí lẹ́nu bàbá rẹ̀ ti gba ogún tí ó ju bọ́ọ̀lù 70 lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ iye sínú ìwé. Ẹ mọ̀ pé ìwé a máa sọ iye tí ọmọ gbà, kì í sọ bí ó ti gbà á. Títí di òní, 73 ni ìwé bésíbọ́ọ̀lù ń pè ní èyí tí ó pọ̀ jùlọ, kò sì sí ẹni tí ó pa á rẹ́. Ìwé ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn ni ó gbọ́dọ̀ ṣe ìyókù. Sákéù kò dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nígbà tí ó ronú pìwà dà. Ó ka iye tí òun fi èrú gbà, ó sì kà á fún àwọn tí ó ni ín. Ìjẹ́wọ́ tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rẹ́ jẹ, ó ti fo àmì kan.

Ṣùgbọ́n ìtùnú wà nínú eré náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó fo àmì, tí ó sì padà tẹ̀ ẹ́ kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, a kì í pa àyò rẹ̀ rẹ́. Ìtìjú ìpadà kúrú. Ìtìjú àìpadà a máa tẹ̀lé ènìyàn wọ ilé. Kí Olúwa fún àwa náà ní ẹsẹ̀ tí ó lè padà, nígbà tí àyè ìpadà ṣì wà. Àmín.