Bí Yunifásítì Kò Bá Béèrè Ìṣirò Mọ́, Ṣé Kí A Jù Ú Nù?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tí ó ń múra àtiwọ yunifásítì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ kéde pé kò pọn dandan mọ́ kí ọmọ kíláàsì àátì ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò kí ó tó wọ yunifásítì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣàlàyé pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò wọn. Ṣùgbọ́n ìdajì àkọ́kọ́ ni ó dùn létí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ìbéèrè wa ni pé: ohun tí wọn kò fi dandan mú wa mọ́, ṣé ó tọ́ kí a pa á tì?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé fífi iṣẹ́ kan sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá lé eku méjì á pòfo. Ọmọ Ṣakí tí ó fẹ́ kọ́ èdè Lárúbáwá tàbí ìtàn, tí ó ti jókòó fún ìdánwò ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì tí kò yege, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bú u bí ó bá lo àkókò rẹ̀ fún ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Owó ìdánwò kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Iṣu ni bàbá tà, gàrí ni ìyá tà, kí a tó rí i san.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀nà kan wà tí àwọn kan ti ń gbà ju ìṣirò nù tipẹ́, tí kò sì sí ẹni tí ó kéde rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń sanwó lọ sí ibi tí a ń pè ní mírákù sẹ́ńtà, tí olùkọ́ ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn. Ìwé ẹ̀rí wọn sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọn kò mọ̀ ọ́n. F9 tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju A1 tí ó jẹ́ irọ́. Ẹni tí ó bá sọ ní gbangba pé, "Èmi kò lè ṣe èyí," kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, yunifásítì nìkan kọ́ ni ó ń dán ènìyàn wò. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ogún. Bí ọkùnrin kan bá kú, tí ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, tí màlúù 24 sì ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti san gbèsè rẹ̀, tí a sì ti mú wasiya rẹ̀ ṣẹ: ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, èyí jẹ́ 3. Ó ku 21. Ìpín ọmọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin, nítorí náà 14 ni tirẹ̀, 7 ni ti ọmọbìnrin. Bí àwọn ẹbí bá wá fún arábìnrin wa yìí ní 4, tí kò sì mọ ìṣirò, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ? Bí ẹni tí ó pín in náà bá ṣì í pín nítorí àìmọ̀, ẹrù ẹlẹ́rù ti dé ọwọ́ ẹni tí kò ni í. Ní nǹkan bí ọdún 820, al-Khwarizmi kọ ìwé kan ní Bagidádì, níbi tí ayé ti rí orúkọ tí a ń pè ní ájíbrà. Ọ̀rọ̀ pípín ogún gba apá tí ó pọ̀ nínú ìwé náà. Saka náà kò yàtọ̀: ìdá kan nínú ogójì ni ti owó. Alásọ òkè ní Ìsẹ́yìn tí kò mọ iye tí òwú àti iṣẹ́ rẹ̀ ná an, yóò máa tà, kò ní mọ̀ pé òun ń jẹ gbèsè.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà?

(1) Kí a bi ara wa léèrè: ṣé mo ń fi èyí sílẹ̀ kí n lè gbájú mọ́ ohun tí ó dára jù, àbí nítorí pé mo ń sá fún iṣẹ́? Ọlọ́hun mọ èrò ọkàn.

(2) Kí a wo ìwé ìtọ́nà JAMB àti ti yunifásítì tí a fẹ́ dáadáa. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ìṣirò owó, kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣì ń béèrè ìṣirò. Ẹni tí ó bá yí ọkàn padà lọ́la lè bá ilẹ̀kùn ní títì.

(3) Kí a sọ òtítọ́ fún àwọn òbí wa, nítorí àwọn ni wọ́n ń sanwó.

(4) Ẹni tí kò bá lè gba kírẹ́díìtì, kí ó ṣì kọ́ ìdá, ìpín àti ìlọ́po tí yóò lò nínú ayé rẹ̀.

Ìjọba lè gbé ẹrù ìṣirò kúrò lórí wa lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Kò lè gbé e kúrò lọ́jà, kò sì lè gbé e kúrò nídìí ogún bàbá wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí a wọlé síbi tí yóò yẹ wá. Àmín.