Nígbà tí Ọ̀fọ̀ bá Ṣẹ̀
Bíbélì kíkà: Lúùkù 7:11–15



Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2014, bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ba Phillip Hughes ní ọrùn lórí pápá ní Sydney, ní Ọsirélíà. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni ó dákẹ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó pé ọmọ ọdún 26. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí gbé igi ìgbá-bọ́ọ̀lù ti ẹnu ọ̀nà ilé wọn láti fi bá àwọn òbí rẹ̀ kẹ́dùn.

Sean Abbott, ọmọ ọdún 22, ni ó ju bọ́ọ̀lù náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ olóògbé kò nàka sí i. Wọ́n dúró tì í. Ó wà níbi ìsìnkú náà.

Àwa ńkọ́? Bí ọ̀dọ́ bá kú láàárín wa, kí a tó nu omijé tán, a ti ń bèèrè pé ọwọ́ ta ni ó wà níbẹ̀. Ìyàwó ni! Orogún ìyá rẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni a ń fi ọ̀fọ̀ kún ọ̀fọ̀.

Jésù kò bi opó Náínì pé ta ni ó pa ọmọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe É, Ó sì sún mọ́ pósí náà. Bí a bá ń lọ sí ilé ọ̀fọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè sílé, kí a gbé oúnjẹ àti àdúrà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì ń ka ẹ̀sùn sí opó lọ́rùn, kí a má ṣe dákẹ́.

Olúwa, tu àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ nínú, kí O sì kó wa ní ìjánu ahọ́n. Àmín.